Mjällby, abúlé tó gba ife líìgì Swídìn ní 2025: ìbéèrè yín àti ìdáhùn mi

Láti alẹ́ 20 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni àwọn tó mọ̀ pé mo máa ń wo bọ́ọ̀lù Swídìn ti ń da ìbéèrè bò mí. Àwọn kan fẹ́ mọ bí abúlé apẹja ṣe já ife gbà mọ́ àwọn ìlú ńlá lọ́wọ́. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ ẹgbẹ́ náà. Mo kó gbogbo rẹ̀ jọ síbí. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá pọ̀ sí, mo fẹ̀ ẹ́ dáadáa. Ibi tí kò bá sí ọ̀rọ̀ púpọ̀, mo gé e kúrú.

Kí ni wọ́n ń pè ní Allsvenskan?

Líìgì bọ́ọ̀lù ọkùnrin tó ga jù lọ ní Swídìn ni. Sáà 1924/25 ni wọ́n dá a sílẹ̀, GAIS ti ìlú Göteborg ló sì kọ́kọ́ gba ipò kìn-ín-ní níbẹ̀. Láti 2008, ẹgbẹ́ 16 ló ń kópa. Oníkálukú á pàdé àwọn yòókù lẹ́ẹ̀mejì, nílé àti lájò, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 30 lápapọ̀. Ẹni tí àmì rẹ̀ bá pọ̀ jù ló ni ife, kò sí àṣekágbá kankan. Àwọn méjì tó wà nísàlẹ̀ pátápátá á já sí Superettan, ìyẹn ìpele kejì. Ẹni kẹta láti ìsàlẹ̀ kò tíì kú, kò sì tíì yè: yóò lọ bá ẹni tó ṣe ipò kẹta ní Superettan wọ̀yá ìjà lẹ́ẹ̀mejì kó tó mọ ibi tí yóò sùn.

Kí ló dé tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù nígbà tí líìgì tó kù ń sinmi?

Òtútù ni. Ní oṣù kìn-ín-ní àti oṣù kejì, yìnyín máa ń bo pápá lọ́pọ̀ ibi ní Swídìn, ilẹ̀ á le bí òkúta, oòrùn kì í sì í pẹ́ kó tó wọ̀. Nítorí náà, ìparí oṣù kẹta tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin ni sáà tiwọn ń bẹ̀rẹ̀, oṣù kọkànlá ló sì ń parí. Ti 2025 bẹ̀rẹ̀ ní 29 oṣù kẹta, ó parí ní 9 oṣù kọkànlá. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí ọdún kan ṣoṣo lára orúkọ sáà wọn, tí kì í ṣe méjì bíi ti Gẹ̀ẹ́sì.

Kí n má purọ́, ọ̀nà yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn l'Ékòó àti n'Íbàdàn gbà mọ orúkọ àwọn ẹgbẹ́ yìí. Bí líìgì Gẹ̀ẹ́sì bá ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní oṣù karùn-ún, àwọn tó ń ta tẹ́tẹ́ kì í torí ìyẹn lọ sùn. Swídìn, Nọ́wè àti Finland ni ojú wọn máa ń yà sí. Nígbà àwọn bàbá wa tó ń ta púùlù, Australia ni wọ́n ń lò ní irú àkókò bẹ́ẹ̀. Mo mọ ọmọkùnrin kan ládùúgbò tó lè ka Elfsborg, Halmstad àti Sirius bí ẹni ń ki oríkì, kò sì tíì fojú rí ọ̀kankan nínú wọn níbi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù.

Báwo ni wọ́n ṣe ń pe Mjällby, níbo ló sì wà?

Ẹ pè é ní "Myẹ́l-bi". J yẹn ń dún bíi y tiwa. Ìlú kékeré kan ni, ní Listerlandet, ilẹ̀ kan tó na ara rẹ̀ sínú Òkun Baltic ní ìpínlẹ̀ Blekinge, ní gúúsù Swídìn. Sölvesborg ni ìjọba ìbílẹ̀ wọn. Ẹja pípa àti ẹja yíyan ni wọ́n fi mọ àgbègbè náà, pẹ̀lú oko pòtétò àti ọ̀sìn minki, ẹranko kékeré tí wọ́n ń fi awọ rẹ̀ rán kóòtù olówó iyebíye.

Pápá ẹgbẹ́ náà, Strandvallen, kò sí nínú Mjällby gan-an. Hällevik ló wà, abúlé apẹja kan létí òkun níbẹ̀, tí gbogbo olùgbé rẹ̀ kò pé 1,000. Pápá yìí sì ń gba nǹkan bí 6,000 ènìyàn. Ẹ rò ó wò ná: bí gbogbo abúlé bá ti ilẹ̀kùn ilé wá síbẹ̀, tàgbà tèwe, tí ìyá arúgbó gbé ọmọ ọwọ́ lẹ́yìn, àyè tó ṣófo á ṣì pọ̀ ju èyí tí wọ́n wà lọ. Àwọn ará ìletò àti ìlú yíká ló ń wá kún un. Afẹ́fẹ́ òkun ń fẹ́ lọ fẹ́ bọ̀ lórí pápá náà, àwọn ẹgbẹ́ ìlú ńlá kì í sì í fẹ́ràn ibẹ̀ rárá.

Ṣé ẹgbẹ́ tuntun ni wọ́n ni?

Rárá o. Ọdún 1939 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀, nígbà tí Mjällby IF àti Listers IF para pọ̀ di ọ̀kan. Ọdún 1980 ni wọ́n kọ́kọ́ dé Allsvenskan, wọ́n sì ti ń lọ, tí wọ́n ń bọ̀ láti ìgbà náà.

Ibi tí ìtàn wọn ti dùn jù ni ọdún mẹ́wàá tó ṣáájú ife yìí. Ní 2014, wọ́n já kúrò ní Allsvenskan. Ní 2015, wọ́n tún já kúrò ní Superettan. Ní 2016, inú ìpele kẹta ni wọ́n wà, owó kò sí lápò, ó sì kù díẹ̀ bíńtín kí wọ́n já sí ìpele kẹrin. Bí wọ́n bá já nígbà yẹn, bóyá orúkọ wọn ì bá ti parẹ́. Wọn ò já. Ní 2018, wọ́n gòkè. Ní 2019, wọ́n gba ipò kìn-ín-ní ní Superettan. Ní 2020, ọdún àkọ́kọ́ tí wọ́n padà sí Allsvenskan, ipò karùn-ún ni wọ́n ṣe. Ní 2023, wọ́n dé àṣekágbá ife ẹ̀yẹ Swídìn, ìdíje mìíràn tó yàtọ̀ sí líìgì, Häcken sì fi góòlù 4 sí 1 lé wọn padà sílé. Ní 2024, ipò karùn-ún lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ̀yin tó ń pè é ní iṣẹ́ ìyanu òru ọjọ́ kan, ẹ wo àwọn ọdún yẹn dáadáa. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn ńkọ́? Wọ́n ní olùkọ́ ilé-ìwé ni.

Anders Torstensson ni orúkọ ẹni tó kọ́ wọn ní 2025. Ó ti ṣe iṣẹ́ ológun, ó sì ti jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ni Mjällby gbé iṣẹ́ fún un: ó ti ṣe é rí, ó kúrò, wọ́n tún pè é padà. Irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni ẹ máa ń rí láwọn ìlú wa náà, ẹni tí wọ́n máa ń ránṣẹ́ pè bí nǹkan bá dojú rú, nítorí pé ó mọ ilé, ó mọ ọ̀nà.

Ní 2024, àwọn dókítà sọ fún un pé ó ní irú àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ kan tí kì í yára rìn. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fáyé gbọ́, kò sì fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn lára rẹ̀ ni pé kì í pariwo. Nígbà tí Mjällby ń lé iwájú láti oṣù dé oṣù, tí àwọn oníròyìn ń wá ọ̀rọ̀ ìgbéraga lẹ́nu rẹ̀, wọn ò rí i gbà.

Ta ni dókítà tó ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń lo ojú?

Karl Marius Aksum, ọmọ Nọ́wè, tó jẹ́ igbákejì Torstensson ní sáà 2025. Kì í ṣe dókítà ilé ìwòsàn o. Oyè ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ló gbà. Ìwádìí rẹ̀ dá lórí ohun tí agbábọ́ọ̀lù ń fi ojú ṣe kí bọ́ọ̀lù tó dé ẹsẹ̀ rẹ̀: ẹ̀ẹ̀melòó ló wẹ̀yìn, kí ló rí, ìgbà wo ló rí i. Ẹ fi wé ẹni tó fẹ́ sọdá títì l'Ójúẹlẹ́gbà. Ẹni tó bá dúró dìgbà tí ọkọ̀ dé iwájú rẹ̀ kó tó bojú wo ọ̀tún àti òsì, ẹ mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni agbábọ́ọ̀lù àárín pápá tí kò bojú wẹ̀yìn.

Bí ẹ bá tún wo Mjällby gbá bọ́ọ̀lù, ẹ má tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù. Orí àwọn ọmọ àárín pápá ni kí ẹ máa wò. Kì í dúró sójú kan. Ẹgbẹ́ tí kò lówó láti ra ẹlẹ́sẹ̀ tó yára jù gbọ́dọ̀ yára nípasẹ̀ nǹkan mìíràn, ojú sì ni wọ́n mú.

Báwo ni sáà náà ṣe lọ gan-an?

Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 30, wọ́n borí 23, wọ́n ta ọ̀mì 6, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n fìdí rẹmi. Àmì 75 ni ìyẹn. Kò sí ẹgbẹ́ tó kó tó bẹ́ẹ̀ rí ní Allsvenskan. Àmì 67 ni èyí tó ga jù tẹ́lẹ̀: Malmö FF kó o ní 2010, AIK náà sì kó o ní 2018.

Hammarby ti Stockholm ló ṣe ipò kejì pẹ̀lú àmì 62. Ó yẹ kí a ṣàánú wọn. Ní 2021, àmì 59 péré ni Malmö fi gba ife, òun àti AIK ló sì jọ ní iye kan náà, góòlù ni wọ́n fi yà wọ́n. Hammarby ṣe ohun tó tó fún olùborí lọ́dún mìíràn, àmì 13 ni Mjällby sì fi jù wọ́n. GAIS ló ṣe ipò kẹta, IFK Göteborg sì ṣe ẹ̀kẹrin.

Ẹ sọ ti alẹ́ tí wọ́n gbà á.

Ọjọ́ Ajé ni, ní pápá Gamla Ullevi ní Göteborg, níwájú àwọn olólùfẹ́ IFK Göteborg. Ẹ má ṣe fojú kékeré wo ilé tí wọ́n lọ. IFK Göteborg ti gba ife UEFA, ìyẹn ti àjọ bọ́ọ̀lù Yúróòpù, lẹ́ẹ̀mejì, ní 1982 àti 1987. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta ló ṣì kù lẹ́yìn tọjọ́ náà, Mjällby sì mọ̀ pé bí àwọn bá ti borí, ó parí.

Aṣọ́lé wọn àgbà, Noel Törnqvist, kò lè gbá nítorí ó farapa. Como ti Ítálì ti rà á láàárín sáà, wọ́n sì yá a padà fún Mjällby kó lè parí ohun tó bẹ̀rẹ̀. Alexander Lundin ló dúró sẹ́nu àwọ̀n dípò rẹ̀. Jacob Bergström, atamátàsé onígíga wọn, ló kọ́kọ́ jẹ góòlù. Tom Pettersson, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn, ló jẹ èkejì. Góòlù 2 sí òdo. Ìgbà àkọ́kọ́ nínú ìtàn ẹgbẹ́ náà nìyẹn tí wọ́n gba ife ńlá kankan.

Ìpẹ̀kun pápá tí wọ́n kó àwọn àlejò sí ni mo tẹjú mọ́. Àwọn àgbàlagbà tó wà níbẹ̀ ti wà láyé nígbà tí ẹgbẹ́ wọn kọ́kọ́ dé Allsvenskan ní 1980. Bí ènìyàn kò bá sunkún lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ìgbà wo ni yóò sunkún?

Ṣé àwọn agbábọ́ọ̀lù olókìkí ni wọ́n kó jọ?

Bí ẹ bá mọ márùn-ún nínú wọn kó tó di 2025, ẹ ṣe gudugudu méje. Ní sáà yẹn, balógun wọn ni Jesper Gustavsson. Abdoulie Manneh wá láti Gáḿbíà. Timo Stavitski jẹ́ ọmọ Finland. Abdullah Iqbal ń gbá bọ́ọ̀lù fún orílẹ̀-èdè Pakistan, ẹ ò sì lè sọ pé ẹ ti rí ọ̀pọ̀ ọmọ Pakistan tó gba líìgì ní Yúróòpù. Herman Johansson àti Elliot Stroud ló ń sáré ní ẹ̀gbẹ́ pápá, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Àwọn mẹ́ta ló ń ṣọ́ ẹ̀yìn.

Hasse Larsson, tó ń wá agbábọ́ọ̀lù fún wọn nígbà náà, ti gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ náà fúnra rẹ̀ rí. Kò sí owó láti ra ẹni tí gbogbo ayé ti mọ̀, nítorí náà wọ́n ń wá ẹni tí àwọn yòókù fojú fò.

Malmö FF ńkọ́? Àwọn kọ́ ló máa ń gbà á ni?

Àwọn ni. 2020, 2021, 2023 àti 2024, àwọn ló gbà á. Häcken ló gba ti 2022. Ṣùgbọ́n ní 2025, nǹkan yí padà mọ́ wọn lọ́wọ́. Wọ́n lé akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, Henrik Rydström, ní oṣù kẹsàn-án, ipò kẹfà ni wọ́n sì parí sí. Kódà ife ẹ̀yẹ tí wọ́n dé àṣekágbá rẹ̀, Häcken ló fi pẹnáritì gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́. Àwọn ìdíje Yúróòpù tún ń fà wọ́n síhìn-ín sọ́hùn-ún ní àárín ọ̀sẹ̀, nígbà tí Mjällby ń sùn nílé. Mi ò fi èyí bu iyì Mjällby kù o. Ẹni tó kó àmì 75 kò dúró de ẹnikẹ́ni kó ṣubú.

Ṣé òótọ́ ni pé wọn kì í lo VAR, fídíò tí wọ́n fi ń yẹ ìpinnu rẹfirí wò?

Òótọ́ ni. Ohun tí rẹfirí bá rí lórí pápá, òun náà ni. Ní 2024, wọ́n fẹ́ gbé e wọlé, àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù sì kọ̀ jálẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ẹgbẹ́ ìpele kìn-ín-ní àti ìpele kejì dìbò pé àwọn kò fẹ́, àjọ bọ́ọ̀lù Swídìn sì dá ọ̀rọ̀ náà dúró.

Bí àwọn olólùfẹ́ ṣe lágbára tó bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí ẹ bèèrè. Òfin kan wà níbẹ̀ láti 1999 pé ó kéré tán, ìdá 51 nínú 100 ìbò ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́, ìyẹn àwọn tó ń san owó ẹgbẹ́ lọ́dọọdún. Olówó epo kankan kò lè dé lálẹ́ kó ra ẹgbẹ́ kan mọ́jú. Bí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bá pàdé, tí wọ́n sì dìbò pé àwọn kò fẹ́ VAR, ohun tí alága gbọ́dọ̀ lọ sọ nípàdé àjọ nìyẹn. Ó jọ ìpàdé ìdàgbàsókè ìlú tiwa, àfi pé tiwọn ń mú nǹkan jáde.

Èmi fúnra mi ò tíì mọ ibi tí mo wà lórí ọ̀rọ̀ VAR. Bí rẹfirí bá fi góòlù ẹgbẹ́ mi dù mí, mo máa ń fẹ́ ẹ. Bí wọ́n bá jẹ góòlù ní Swídìn, tí gbogbo pápá bú sáyọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láìdúró de ẹnikẹ́ni tó ń wo tẹlifíṣọ̀n, mo máa ń gbàgbé rẹ̀.

Àwọn wo ló já?

Östers IF àti IFK Värnamo lọ tààrà. Èyí tó dun àwọn ènìyàn jù ni IFK Norrköping, ẹgbẹ́ tó gba líìgì yìí ní 2015. Wọ́n bọ́ sínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ẹni kẹta láti ìsàlẹ̀ yẹn, Örgryte IS sì lé wọn lọ. Västerås SK àti Kalmar FF ló bá Örgryte gòkè. Bí Örgryte ṣe padà wá báyìí, ẹgbẹ́ mẹ́rin ni ìlú Göteborg nìkan ní nínú Allsvenskan 2026.

Ta ló jẹ góòlù jù?

August Priske, ọmọ Denmark tó wà ní Djurgården nígbà náà.

Ṣé ọmọ tiwa kankan ti gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ rí?

Ó ti pẹ́. Gbenga Arokoyo kúrò ní Kwara United, ó lọ sí Mjällby yìí kan náà ní 2012, ibẹ̀ ló ti ṣọ́ ẹ̀yìn kó tó kọjá sí Tọ́kì. Nígbà tí wọ́n gba ife, òun ni mo kọ́kọ́ rántí. Akinkunmi Amoo, ọmọ ẹlẹ́sẹ̀ òsì yẹn, gbá fún Hammarby, ibẹ̀ ni FC Copenhagen ti rà á. Peter Ijeh ló jẹ góòlù jù ní Allsvenskan ní 2002, góòlù 24 fún Malmö. John Owoeri ti Häcken náà ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2016 pẹ̀lú góòlù 17.

Ẹ má gbàgbé àwọn obìnrin, nítorí àwọn ló gba ọ̀nà Swídìn jù. Perpetua Nkwocha gbá fún Sunnanå SK, Faith Ikidi sì wà nínú ẹgbẹ́ Piteå tó gba líìgì àwọn obìnrin ní 2018. Piteå náà jẹ́ ìlú kékeré kan lókè réré níbi tí òtútù ti ń mu eegun, nítorí náà Mjällby kọ́ ló kọ́kọ́ kọ́ Swídìn pé bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Kí ni orúkọ ife tí wọ́n gbé?

Ife Lennart Johansson, tí wọ́n fi orúkọ ọmọ Swídìn tó ṣe ààrẹ UEFA sọ. Orúkọ von Rosen ni ife àtijọ́ ń jẹ́. Nígbà tó hàn síta pé ẹni tí wọ́n fi sọ ọ́ ti bá àwọn Nasi ilẹ̀ Jámánì ṣe wọléwọ̀de, wọ́n gbé ife náà tì, wọ́n sì ṣe òmíràn.

Ṣé Mjällby máa gbá Champions League?

Ipò kìn-ín-ní Swídìn ń gbé ènìyàn dé ẹnu ọ̀nà, kì í gbé e wọlé. Ìpele ìyege ni wọ́n ti máa bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ borí ju ẹgbẹ́ kan lọ kí wọ́n tó jókòó sídìí tábìlì kan náà pẹ̀lú àwọn àgbà. Malmö pàápàá ń gbìyànjú rẹ̀, kì í sì í bọ́ sí i nígbà gbogbo.

Ǹjẹ́ mo lè fi Mjällby sí tíkẹ́ẹ̀tì tẹ́tẹ́ mi?

Ọmọkùnrin àdúgbò tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan fi Göteborg sí i ní 20 oṣù kẹwàá. Ẹ lọ bi òun.